Onígìtá Kejì àti Máṣíìnì Ìyàwó Rẹ̀

Nínú ẹgbẹ́ olórin, ẹni tó ń ta gìtá àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọge ń wò. Ẹni tó ń ta gìtá kejì, ìyá tó bí i nìkan ló ń wò ó, ìyá náà á sì máa bi ẹni tó jókòó tì í léèrè pé èwo gan-an ni ohùn ọmọ òun nínú gbogbo ariwo yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa ta ohùn kékeré kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí dé òpin, kó má yára, kó má falẹ̀, kí àwọn yòókù lè rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé. Bó bá ń ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Ọjọ́ tó bá ṣì í ta, gbogbo ilé ló máa yíjú.

Ọkùnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá kan ṣoṣo, láti ìgbà tí irun kún orí rẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi fìlà bo iwájú orí tó ń pá. Onígìtá Kejì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, àní onílé rẹ̀ pàápàá. Orúkọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ ẹ, torí òun ló ń gbé oúnjẹ wálé.

Ohùn-Oyin ni orúkọ tí wọ́n fún ọ̀gá rẹ̀, akọrin tí ohùn rẹ̀ ń yọ́ bí ìpara. Àwo mẹ́ta léraléra ló ṣe tó tà wàràwàrà. Kò sí ìgbéyàwó tí wọn kì í fi wọ́n jó, kò sí ọkọ̀ èrò tí wọn kì í ti kọ wọ́n, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tilẹ̀ ti yí ọ̀rọ̀ inú ọ̀kan padà, wọ́n fi ń bú olùkọ́ ìṣirò wọn. Ọ̀gá kọ́ ilé, ó kọ́ sítúdíò sẹ́yìn ilé, ó sì sanra. Onígìtá Kejì náà rí tirẹ̀ níbẹ̀. Ó san owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ láìyáwó, ó ra fìríìjì, ó sì gba yàrá iwájú kún èyí tí wọ́n ń gbé, kí ìyàwó rẹ̀ lè rí ibi fi ṣe ṣọ́ọ̀bù.

Aránṣọ ni ìyàwó yìí. Kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ẹnu rẹ̀ sì máa ń kún fún píìnì débi pé bí o bá bi í ní nǹkan, o ní láti dúró kó yọ wọ́n tán kó tó dá ẹ lóhùn. "Bàbá wọn" ló ń pe ọkọ rẹ̀, òun náà ń pè é ní "Màmá wọn", nítorí àwọn ọmọ. Máṣíìnì rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, onírin dúdú, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ sì ń ké. Bó bá tẹ̀ ẹ́ síwájú, á ní "kíìì". Bó bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, á ní "wẹ̀ẹ́n". Kíìì-wẹ̀ẹ́n, kíìì-wẹ̀ẹ́n, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó pẹ́ tó ti ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó bá òun fi òróró sí i.

"Màá ṣe é lọ́la," ni Onígìtá Kejì máa ń wí. Bó bá wọnú yàrá lọ tó ń fi gìtá dánra wò, á na ọwọ́ gbá ògiri: "Ẹ̀yin ará ibẹ̀ yẹn! Ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn!"

Lẹ́yìn àwo kẹta ni ìwà ọ̀gá yí padà. Wọ́n péjọ láti dánra wò, gbogbo wọn ti tún ohun èlò wọn ṣe tán, ni Ohùn-Oyin bá ní kí wọ́n dákẹ́. Ó lọ sídìí ilẹ̀kùn, ó ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i.

"Ẹ gbọ́ yẹn?"

"A gbọ́, ọ̀gá," onílù dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká pe káfíńtà."

"Káfíńtà wo? Orin nìyẹn!"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní orin aládùn ti sú òun. Ó ní òun ti di ẹni tó ń ta ṣúgà kiri, pé bí òun bá tún kọ irú àwo mẹ́ta yẹn ní ìkẹrin, kí wọ́n kúkú wá sin òun. Ó gba ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Elétí síṣẹ́ láti máa gba ohùn sílẹ̀ fún un, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé makirofóònù kiri bí ẹni ń wá ẹran tó sọnù. Wọ́n gba ohùn òjò lórí páànù. Wọ́n gba ohùn ìdérí kẹ́tù tó ń hó àti ti ìgbálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní kí àwọn tó ń fọn fèrè ṣì lọ máa sinmi nílé ná.

"Ó kù díẹ̀," onílù sọ fún Onígìtá Kejì nígbà tí wọ́n jáde, "kó ní kí n gbé ìlù jù nù, kí n máa họ orí, kó máa gbà á sílẹ̀."

"Ìwọ ṣì lórí tó nírun tí wọ́n lè họ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Nígbà tó kan Onígìtá Kejì, ọ̀gá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwọ, ohùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Èwo nínú wọn, ọ̀gá?"

"Èyí tó bá wù ẹ́. Ta á, jẹ́ kó kú fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn náà kó o jókòó."

"Tí mo bá jókòó, kí ni mò ń ṣe?"

"Ò ń gbọ́."

Ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ta ohùn tí kò lóǹkà di ẹni ohùn kan. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nígbà tó ń lọ sílé, ó sì rí i pé ohùn kan nínú àwo tuntun sàn ju kéèyàn wà nílé pẹ̀lú àwọn afọnfèrè. Àga kan ṣì wà fún un ní sítúdíò. Kí wọ́n má fa àga náà yọ lábẹ́ òun, ohun tó ń wá kò ju ìyẹn lọ mọ́.

Sísanra ló gbé ọ̀gá wá sílé wọn. Ṣòkòtò kan tó fẹ́ràn kò wọ̀ ọ́ mọ́, ó wá kí wọ́n bá òun tú u níbàdí. "Ìyàwó wa, báwo lo wà?" ló fi wọlé. Onígìtá Kejì ń sáré sókè sódò, ó ń gbé àga, ó ń wá ife tí kò sán lẹ́nu. Aránṣọ tú ṣòkòtò, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó tẹ ẹsẹ̀ lé máṣíìnì.

Kíìì-wẹ̀ẹ́n.

Ohùn-Oyin gbé ife kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú àjákù aṣọ àti òwú, ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó sì gbé etí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ̀sẹ̀. Ẹ̀rù ba Aránṣọ, ó tu gbogbo píìnì ẹnu rẹ̀ sọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ọ̀gá, ṣé kò sí o? Bàbá wọn, ẹ wá wo ọ̀gá yín!"

"Máa tẹ̀ ẹ́," ọ̀gá sọ láti ìsàlẹ̀.

"Mo ti rán an tán, ọ̀gá."

"Ẹ bá mi rán nǹkan míì. Ẹ rán ohunkóhun tó bá wà ńlẹ̀. Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́, Màmá."

Onígìtá Kejì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣàkíyèsí pé ẹni tó jẹ́ "ìyàwó wa" nígbà tí ọ̀gá wọlé ti di "Màmá" kí ọ̀gá tó dìde nílẹ̀. Ìyẹn ti ta á díẹ̀. Èyí tó wá gún un dénú ni ohun tí ọ̀gá sọ nígbà tó ń gbọn òwú kúrò lórúnkún.

"Ìwọ! Olórin lo fẹ́ sílé, o ò sọ fún mi!"

Olórin. Láti ọjọ́ tó ti ń bá ọkùnrin yìí ṣiṣẹ́, kò tíì gbọ́ kó pe òun bẹ́ẹ̀ rí. "Ó ṣeé gbọ́kàn lé" ni ọ̀gá máa ń sọ nípa rẹ̀ fún àwọn oníròyìn, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa mọ́tò.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti là á kalẹ̀. Orin kan wà tó máa gba odindi ojú kan nínú àwo náà. Ohùn-Oyin á máa kọ ọ́, máṣíìnì á máa ké lábẹ́ rẹ̀ títí á fi parí. Wọ́n á wá gbé máṣíìnì lọ sí sítúdíò. Aránṣọ á jókòó láàárín, makirofóònù tó dára jù á sì wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Èmi ńkọ́, ọ̀gá?" Onígìtá Kejì béèrè. "Ohùn kan mi yẹn?"

Ọ̀gá wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ó wà nínú yàrá. "Sinmi lórí èyí. Ṣé o rí i, ohun tí mo fi ń fẹ́ ẹ nídìí orin ni pé o kì í yẹsẹ̀. Màmá náà kì í yẹsẹ̀, tiwọn sì tún ń ké."

Wọ́n ti fa àga yọ nìyẹn, ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n sì fi lé e.

Bí ọkùnrin bá ń jowú ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lè bá a jà. Bó bá jẹ́ pé àwọn ọkùnrin ló ń yọjú sí ìyàwó rẹ̀, ó lè sọ fún àwọn ẹbí. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún pé òun ń jowú ìyàwó òun nítorí irin tó ń ké? Onígìtá Kejì kò lè sọ ọ́ fún onílù pàápàá. Ó gbé e mì, kò sì dà nínú rẹ̀.

Ohun tó tún burú ni pé Aránṣọ kì í dánra wò. Ọkọ rẹ̀ á gbé àpótí, á jókòó síwájú rẹ̀, á máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ò ń falẹ̀ o," ó sọ lọ́jọ́ kan.

Aránṣọ yọ píìnì lẹ́nu. "Kọ́là ni mò ń rán, Bàbá wọn. Mo ti dé kọ́nà. Tí mi ò bá falẹ̀, màá rán ìka mi mọ́ aṣọ oníbàárà."

"Olórin gidi kì í falẹ̀ tó bá dé kọ́nà."

"Ẹ lọ sọ fún ọ̀gá yín. Èmi kọ́ ni mo pe ara mi ní olórin."

"Mo kàn ń sọ fún ẹ ni. Gbogbo ayé ló máa gbọ́ ọ."

"Kí ayé náà mú aṣọ wọn wá," ó wí, ó sì kó píìnì padà sẹ́nu.

Ìyá onílé, tí kì í tẹ ilé wọn àfi tó bá fẹ́ béèrè owó iná, bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọlé láti wá wo máṣíìnì. "Wọ́n ní ìwọ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe àwo!" ó wí. Ó yíjú sí Onígìtá Kejì. "Kí ẹ máa bá a gbé báàgì o, bàbá. Iṣẹ́ tó kù fún yín nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, fóònù Onígìtá Kejì dún. Ó rí orúkọ ọ̀gá, inú rẹ̀ dùn, ó sáré gbé e. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá!"

"Ṣé Màmá wà nítòsí?"

Ọwọ́ Aránṣọ kún fún aṣọ, ìdí nìyẹn tí ọkọ rẹ̀ fi bá a di fóònù mú sí etí. Ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ìkọ́ tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́, nígbà tí àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lórí aṣọ tó máa ń jẹ́ kí máṣíìnì ké jù. "Èyí tó nípọn ni, ọ̀gá," ni Aránṣọ ń sọ. "Bíi ti kóòtù. Ó máa ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun." Ọ̀gá sọ nǹkan kan, Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo èjìká rẹ̀ ń mì. Ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ. Ohun tó mọ̀ ni pé kò sí ohun tí òun tíì fi gìtá ta tó rí irú ẹ̀rín yẹn gbà lẹ́nu obìnrin yìí. Orin kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin náà, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń pè ní olórin. Apá rẹ̀ sì ti ń ro ó níbi tó ti ń di fóònù mú.

Ọ̀sán ọjọ́ tí Aránṣọ lọ ra òwú àti bọ́tìnnì ni ọkọ rẹ̀ ṣe ohun tó ṣe.

Ó ra ìgò òróró máṣíìnì kan, èyí tó dára, torí kì í ṣe ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohun tí kò dára ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ibi pàápàá. Ó yí máṣíìnì dojú bolẹ̀ lórí aṣọ. Ó yọ bẹ́líìtì. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha ìdọ̀tí àti fọ́nrán òwú tó ti lẹ̀ mọ́ gbogbo oríkèé irin, ó fi ọ̀bẹ yọ ìpẹtà, ó wá ń kán òróró sí ìdí ìtẹ̀sẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ mì í, ó ń gbé etí sí i. Kíìì náà kọ́kọ́ rẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di mímí. Lẹ́yìn náà kò sí mọ́. Ó nù ún mọ́, ó dá a dúró, ó dá bẹ́líìtì padà. Bó bá jẹ́ pé ìfẹ́ nìkan ló fi ń ṣe é, kò lè ṣe é dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, kí á má purọ́ mọ́ ọn.

Nígbà tí Aránṣọ dé, ọkọ rẹ̀ ti wọ yàrá lọ, ó gbé gìtá lé itan, kò ta á. Gbogbo ara rẹ̀ ló fi ṣe etí. Ó gbọ́ tó sọ àpò kalẹ̀. Ó gbọ́ tó fa àga. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan, nǹkan tí kò gbọ́ yẹn sì pẹ́.

"Bàbá wọn."

Ó jáde. Ó ti múra fún ìjà. Aránṣọ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin fúnra yín?" Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Mi ò fẹ́ sọ fún yín. Láti ìgbà tí ìtẹ̀sẹ̀ yìí ti ń le, orúnkún mi kì í jẹ́ kí n gbádùn. Tí mo bá fẹ́ dìde, màá kọ́kọ́ dúró kó gbà fún mi. Ẹ wò ó! Ẹ wá wò ó, ìka ẹsẹ̀ lásán ni!" Ó ń tẹ̀ ẹ́ láìfi aṣọ kankan sábẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, òróró sì ń dán lára irin.

Onígìtá Kejì kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí. "Ọ̀gá ńkọ́?" ó wá rí i sọ. "Ohùn tí wọ́n fẹ́ gbà?"

"Wọ́n á wá nǹkan míì. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wa náà ń ké."

Ẹnu yà á. Ohun tó ti ń jẹ òun lẹ́ran ara láti ọjọ́ yìí, obìnrin náà kò tiẹ̀ kà á sí. Ó ṣe é bí ẹni pé kó mú òróró náà jáde padà. Ṣùgbọ́n orúnkún ńkọ́?

Síbẹ̀ wọ́n gbé máṣíìnì lọ sí sítúdíò, torí kò sẹ́ni tó sọ fún ọ̀gá. Elétí fi makirofóònù sí ìdí ìtẹ̀sẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Aránṣọ tẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ ń sáré, aṣọ kóòtù ń jáde lẹ́yìn, wọn ò gbọ́ ju pé nǹkan kan ń mí.

Elétí yọ ohun tó wà létí rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún fi í sí i. "Ṣé ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́ ni?"

Ohùn-Oyin súnmọ́ ọn. Ó tọ́ ìdí ìtẹ̀sẹ̀ wò, ó wo ìka rẹ̀ tó ń dán. "Ta ló fọwọ́ kan èyí?"

"Ọkọ mi ni!" Aránṣọ dáhùn, orí rẹ̀ wú. "Àwọn fúnra wọn ló jókòó tì í. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọ̀gá."

Ọ̀gá yíjú sí Onígìtá Kejì. Wọ́n ti jọ rìn pẹ́. Ọkùnrin tó ń gbọ́ ohùn ilẹ̀kùn gbọ́ ohun tó wà nídìí òróró yìí náà.

"O ṣeun," ọ̀gá sọ fún un. "O ṣe é dáadáa."

"Kẹrosíìnì lè fọ òróró kúrò," Elétí sọ. "Ká fọ̀ ọ́, ká bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sí i."

"Iyẹ̀pẹ̀ kẹ̀?" Aránṣọ dìde níwájú máṣíìnì rẹ̀. "Ẹ má bínú o. Orúnkún mi kì í ṣe ohun èlò orin. Ẹni tó bá gbé iyẹ̀pẹ̀ wá síbí, òun ló máa gbé e jẹ."

Ohùn-Oyin bú sẹ́rìn-ín. Ó fa àga kan láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó gbé e síwájú makirofóònù.

"Jókòó," ó wí fún Onígìtá Kejì. "Ìwọ lo mú ohùn ẹ̀ lọ. Wá dá a padà."

Bó ṣe padà sórí àga nìyẹn, kò sì sí ọ̀nà tó fi lè yọ̀ níbẹ̀. Ó fi èékánná fa wáyà gìtá tó nípọn jù, ó ṣe bí ológbò. Ó fi ẹnu ife fà á, ó dún bí ìgbà tí bíréékì mọ́tò ń kú lọ.

"Kò rí bẹ́ẹ̀," Aránṣọ wí.

"Mo mọ bó ṣe rí."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ògiri lẹ máa ń gbá. Ti iwájú gùn, ti ẹ̀yìn á wá gbé orí sókè bí ẹni ń béèrè nǹkan. Kíìì... wẹ̀ẹ́n? Bẹ́ẹ̀."

"Wẹ̀ẹ́n."

"Ẹ ń pa á. Ẹ jẹ́ kó béèrè."

Elétí ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Òógùn ń bọ́ lójú ọkùnrin náà. Láti ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń ta gìtá, aránṣọ ló wá ń kọ́ ọ báyìí níwájú ọ̀gá rẹ̀! Nígbà tó yá, ó sú Aránṣọ, ó jókòó padà, ó ń bá aṣọ rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, láìdún. Onígìtá Kejì gbé ojú lé ẹsẹ̀ náà. Ó fi ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò fa wáyà bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ, ó gbé e sókè bí ẹsẹ̀ ṣe ń bọ̀. Kíìì-wẹ̀ẹ́n. Bí Aránṣọ bá dé kọ́nà tó falẹ̀, òun náà á falẹ̀. Orin náà gùn. Ohùn-Oyin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lókè, kò ní kí ẹnikẹ́ni dúró.

Nígbà tí wọ́n parí, ọ̀gá bi í léèrè kan ṣoṣo. "Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ sára àwo? Tí mo bá ní gìtá ni, àwọn oníròyìn á béèrè ohun tó dé bá máṣíìnì. Ìwọ lo máa dá wọn lóhùn."

Onígìtá Kejì wo ìyàwó rẹ̀, tó ń ká aṣọ níbi tí kò ti lè gbọ́ wọn. "Ẹ kọ máṣíìnì," ó wí.

Àwo náà jáde. Ìdajì àwọn tó fẹ́ràn orin aládùn ní ọ̀gá ti ya wèrè, wọ́n dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn, àtẹni tó bú u àtẹni tó yìn ín, ló ń sọ̀rọ̀ máṣíìnì yẹn. Àwọn aránṣọ gbogbo ìlú ń fi ṣe orin iṣẹ́. Àwòrán Aránṣọ ló wà lára páálí àwo, ó tẹ orí ba sórí iṣẹ́, píìnì wà lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ ọkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín àwọn tó bá wọn gbé ẹrù. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ayé tíì gbọ́ jù lọ rèé, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn sì ni ìyìn rẹ̀ ń lọ. Bó bá gbọ́ ọ nínú mọ́tò, á fajú ro. Ó wá ń jowú àtàǹpàkò ara rẹ̀. Bó bá fẹ́ la ẹnu láti sọ ọ́, á rántí ìgò òróró yẹn, á sì pa ẹnu dé.

Ó bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di àárọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan wá gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Rédíò wà lórí pẹpẹ, wọ́n sì fi orin náà sí i. Onígìtá Kejì jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń pààrọ̀ wáyà gìtá.

"Ẹ gbọ́ máṣíìnì yín!" nọ́ọ̀sì pariwo. "Kí n sọ òótọ́ fún yín, ohùn ọ̀gá yẹn ò tiẹ̀ wọ̀ mí létí mọ́. Ó ń kérora bí àwọn tí mò ń fún lábẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ké yẹn! Ó máa ń ṣe mí bíi kí n jókòó kí n sunkún. Màmá, ẹsẹ̀ yín dára o."

Aránṣọ yọ píìnì lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gún wọn mọ́ tìmùtìmù. Ó wo ọkọ rẹ̀. "Bàbá wọn, wọ́n ń yìn mí níbí o. Ṣé kí n gbà á?"

Onígìtá Kejì mọ ohun tó ń bi òun. Ó lè dákẹ́, bó ṣe ń dákẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó ṣírò ohun tó máa ná an.

"Gìtá ni. Èmi ni mo ta á."

Nọ́ọ̀sì wò ó láti òkè délẹ̀, ó kúkú rẹ́rìn-ín. "Áà, bàbá! Ṣé ẹ̀ ń jowú ìyàwó yín ni? Àwòrán wọn ni mo rí. Etí mi ò di, máṣíìnì ni mò ń gbọ́."

Onígìtá Kejì lọ wáyà tuntun náà le, ó fi ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò fà á. Kíìì-wẹ̀ẹ́n. Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí máṣíìnì tayọ̀tayọ̀ pé òun ló ń ké, ni Aránṣọ bá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kúrò lórí ìtẹ̀sẹ̀, ó nà wọ́n síwájú kó rí wọn dáadáa. Kíìì-wẹ̀ẹ́n. Ẹnu nọ́ọ̀sì ṣí sílẹ̀.

"Kí ló wá ṣe máṣíìnì?"

"Kò ké mọ́. Mo fi òróró sí i kó tó di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á sílẹ̀."

"Nígbà tẹ́ ẹ mọ̀ pé ohùn ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fẹ́? Kí ló dé?"

Lórí rédíò, orin ti tán, wọ́n ti ń ka ìròyìn. Aránṣọ kò bá a sọ ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lókè.

"Ohun tẹ́ ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn náà ni," Onígìtá Kejì wí. "Mò ń jowú rẹ̀."

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ padà sórí ìtẹ̀sẹ̀.

"Mo ti ń retí ìgbà tẹ́ ẹ máa sọ ọ́," ó wí fún un. Ó mú aṣọ funfun náà lórí tábìlì, ó nà án sí nọ́ọ̀sì. "Ẹ lọ wọ̀ ọ́ wò lẹ́yìn kọ́tìnnì, ká mọ̀ bóyá ọwọ́ ẹ̀ ò fún yín jù."